Ẹni Tí Ogun Gbé Lọ, Ilé Ni Í Rántí Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ìdí nìyí tí ìsìnkú fi jẹ́ ohun ńlá ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ó wọ aṣọ ogun, tí ó kú sí ìlú òkèèrè, tí a kò gbé òkú rẹ̀ wálé, báwo ni ẹbí ṣe lè ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un? Bí a bá wo àṣà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ dáadáa, a ó rí i pé àwọn baba wa ti dáhùn ìbéèrè yìí kí ìjọba tó dá ọjọ́ ìrántí kankan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti ẹni tí ó kú sílé. Láyé àtijọ́, inú agbo ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí, ojú oórì rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ọmọkùnrin tí a bá bí lẹ́yìn ikú baba àgbà a máa jẹ́ Babátúndé. Obìnrin tí a bá bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà a máa jẹ́ Yétúndé. Ní ìlú Ọ̀yọ́, Alápìnní, ọ̀kan nínú àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ni olórí àwọn ẹlẹ́gúngún. Bí eégún ilé bá sì jáde, ará ọ̀run ni wọ́n ń pè é, nítorí wọ́n gbà pé baba tí ó ti lọ ni ó padà wá kí àwọn ọmọ.

Ní ti ológun, ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí sójà tó dé, ọdẹ ni ó ń ṣọ́ ìlú lóru, ọdẹ ni ó sì ń yẹ ọ̀nà wò níwájú ogun. Ọdẹ ni Ògúnlọlá tí ó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Ìtàn ìlú náà sọ pé òun ni ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tí ó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, tí ó sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Láti inú gbígbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ yìí ni orúkọ ìlú ti jáde. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́, akọni kan ni ó ń rántí, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Láti ìlú yìí ni Tóyèjẹ ti jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò lẹ́yìn Àfọ̀njá.

Bí ọdẹ bá kú, ìsìnkú tí àwọn ọmọ ṣe kò tí ì parí ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ọdẹ ní ti wọn láti ṣe, òun ni à ń pè ní ìṣípà ọdẹ. Àwọn ọdẹ yóò péjọ ní alẹ́, wọn yóò sì máa sun ìrèmọ̀jé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìrèmọ̀jé kì í ṣe orin àríyá bí ìjálá. Àwọn ọdẹ gbà pé Ògún fúnra rẹ̀ ni ó fi í lélẹ̀ fún ìrántí òun. Nínú rẹ̀ ni wọn yóò ti ki oríkì ìdílé òkú, tí wọn yóò sì ka iṣẹ́ akin tí ó ṣe nínú igbó. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò kó aṣọ àti ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ, wọn yóò fi wọ ère tí ó dúró fún un, wọn yóò sì gbé e lọ sínú igbó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn alààyè, a sì ti sìn ín dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ tí ó ti lọ. Wọ́n gbà pé bí a kò bá ṣe é, òkú yóò máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dẹ igbó, yóò sì máa da ọdẹ wọn rú.

Ẹ kíyè sí ohun kan: òkú kọ́ ni wọ́n gbé lọ sígbó, òkú ti wà nínú ilẹ̀. Orúkọ rẹ̀, ìṣe rẹ̀ àti ohun èlò rẹ̀ ni wọ́n ṣe ẹ̀yẹ fún.

Ẹ̀kọ́ yìí kan àwọn ẹbí tí ogun òde òní gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Hítílà, àwọn ọmọ Nàìjíríà bá àwọn ará Japan jà ní Bọ́mà. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, wọ́n fín orúkọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 sára òkúta, orúkọ àwọn tí a kò mọ ibojì wọn. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé tiwa dé, láti 1967 títí di 1970. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó sì kú ní 2014. Ṣùgbọ́n àwọn sójà kékeré tí wọ́n kú sójú ogun, ta ni ó mọ orúkọ wọn?

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí ogun náà parí ní 1970, ni ìjọba fi ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun. Wọn a gbé òdòdó lélẹ̀, wọn a yìnbọn, wọn a tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ọjọ́ náà wúwo lẹ́ẹ̀mejì fún Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ní 1966 ni àwọn sójà pa Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ ìlú náà, tí òun pẹ̀lú jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ohun tí ìjọba ń ṣe dára. Ṣùgbọ́n ìjọba kò lè ki oríkì ìdílé ẹnikẹ́ni. Ilé nìkan ni ó mọ̀ pé Àjàní ni sójà yìí ń jẹ́, pé ọmọ Oníkòyí ni, àti ìyá tí ó ń retí rẹ̀ títí ó fi kú.

Kò pọn dandan kí gbogbo ẹbí ṣe ìṣípà. Mùsùlùmí ní àdúrà fìdáù, Kìrìsìtẹ́nì ní ìsìn ìrántí. Kò sí èyí tí a kò ti lè dárúkọ ẹni tí kò padà bọ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ sọ orúkọ wọn fún àwọn ọmọ, pẹ̀lú oríkì wọn àti ogun tí wọ́n lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu tí ó lè sọ ọ́ tó pa dé. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Bí ara kò bá lè bọ̀, ẹ jẹ́ kí orúkọ bọ̀.