Bí Ọ̀daràn Bá Tú Àṣírí, Ṣé Òfin Lè Dín Ìyà Rẹ̀ Kù?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí ọwọ́ ọlọ́pàá bá tẹ ọ̀dọ́kùnrin kan ní Abẹ́òkúta pé ó wà nínú ẹgbẹ́ tó ń lu jìbìtì, tí ó jẹ́wọ́, tí ó dárúkọ ẹni tó kó wọn jọ, tí ó sì fi ibi tí owó wà hàn, ṣé ó yẹ kí ìyà rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀gá wọn tó sẹ́ kanlẹ̀? Àwọn kan á ní olè ni olè ń jẹ́. Àwọn mìíràn á ní ẹni tó ran òfin lọ́wọ́ yẹ fún àánú. Ọ̀rọ̀ náà kan ilé púpọ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ ọmọ ẹni tí ọwọ́ òfin yóò tẹ̀ lọ́la.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun

Nínú 1 Samuẹli orí 30, àwọn ará Amaleki dáná sun Siklagi, wọ́n sì kó àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ. Àwọn ènìyàn Dafidi rí ọmọ Ejibiti kan nínú oko, ẹrú tí ọ̀gá rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Ó jẹ́wọ́ pé òun wà láàárín àwọn tó sun ìlú náà. Kí ó tó fi ọ̀nà hàn, ó ní kí Dafidi búra pé kò ní pa òun, kò sì ní fa òun lé ọ̀gá òun lọ́wọ́. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni Dafidi fi gba gbogbo ohun tí wọ́n kó padà. Ẹ ṣàkíyèsí: ó jẹ́wọ́ ipa tirẹ̀, òtítọ́ ni ó sọ, àwọn tí a ṣe ní ibi sì jàǹfààní rẹ̀.

Ohun tí òfin wa sọ

Nígbà kan, irú àyè yìí ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ọwọ́ tẹ Lawrence Anini, adigunjalè tó da ìlú Benin láàmú ní 1986, ó tú àṣírí ọ̀gá ọlọ́pàá kan, George Iyamu, tó ń bá a ṣe. Àṣírí náà wúlò, ṣùgbọ́n kò gba Anini lọ́wọ́ ikú. Wọ́n yìnbọn pa á ní oṣù kẹta 1987.

Ìpínlẹ̀ Èkó fi àdéhùn láàárín agbẹjọ́rò ìjọba àti ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sínú òfin tirẹ̀ ní 2007. Ìjọba Àpapọ̀ ṣe irú rẹ̀ ní 2015, nínú abala 270 òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, èyí tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta ń lò. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní òfin tirẹ̀. Abala 270 sọ pé a lè ṣe àdéhùn bí ẹni náà bá fẹ́ dá ohun tí ó jí padà, tàbí bí wọ́n bá pọ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà, tí òun sì sọ ohun tí yóò jẹ́ kí a rí àwọn yòókù mú. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ẹni tí a ṣẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀. Adájọ́ kò gbọ́dọ̀ bá wọn dá sí ìjíròrò náà, àdéhùn kò sì dè é. Bí ó bá rí i pé ìyà náà kéré jù, yóò sọ fún ẹlẹ́jọ́, ẹlẹ́jọ́ sì lè fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun níwájú adájọ́ mìíràn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 2005 sọ ọ́ di àdéhùn tí a kọ sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wọn sọ ní 2007 pé ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyà ni a sábà máa ń dín kù. Ṣùgbọ́n ẹni náà ní láti jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ná.

Ewu tó wà níbẹ̀

Àánú lè di ti ọlọ́lá nìkan. Ní 2008, gómìnà Edo tẹ́lẹ̀ rí, Lucky Igbinedion, gbà pé òun jẹ̀bi nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì ní kó san owó ìtanràn mílíọ̀nù náírà mélòó kan. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n ní tálákà tó jí ewúrẹ́ ń lọ sẹ́wọ̀n.

Ewu kejì ni irọ́. Ẹni tó fẹ́ gba ara rẹ̀ lè dárúkọ aláìṣẹ̀. Ìdí nìyí tí òfin ẹ̀rí 2011 fi ní kí ilé-ẹjọ́ ṣọ́ra nípa ẹ̀rí ẹni tó bá wọn ṣe ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe kọ́ ọmọ ní ohun tí kò rí.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín

1. Ẹ wá agbẹjọ́rò kí ọmọ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa fún un ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Bí owó kò bá sí, ẹ lọ bá Legal Aid Council.

2. Ẹ má gba ìlérí ẹnu lásán. Àdéhùn gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀, kí agbẹjọ́rò méjèèjì àti ọmọ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i.

3. Bí ohun tí ó kó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

4. Ẹ rántí ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi. Ẹkún ilé rẹ̀ tọ́ kí a gbọ́ ṣáájú tiwa.

Olè tó ronú pìwà dà lórí àgbélébùú rí ìdáríjì gbà, síbẹ̀ wọn kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìdáríjì Ọlọ́run kò ní kí ilé-ẹjọ́ má dájọ́. Bí ìyà bá tilẹ̀ wà síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sọ òtítọ́ pẹ̀lú agbẹjọ́rò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí òtítọ́ náà lè gba ilé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó tàn án jẹ.