AAGO ÒJÌJI ÀTI ÀKÓKÒ ÌRUN

Bísímílláhì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fi oòrùn àti òṣùpá ṣe òǹkà ọjọ́ fún wa.  

Kí aago ọwọ́ tó dé, kí ni àwọn ládánì fi ń mọ̀ pé ìrun ti tó? Òjìji ni. Ọlọ́hun ti so ìrun mọ́ ìgbà tí oòrùn bá yẹ̀tàrí, nínú Súrátù Ìsírá'i, áyà 78. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ wa fi ṣe aago òjìji tó ṣeé gbé rìn. Ọ̀kan nínú wọn ni Ibn al-Shatir, tó ń mójú tó àkókò ìrun ní Mọ́ṣáláṣí Umayyad ní Damásíkù. Ní 767 Hijira (1365 sí 1366), ó ṣe àpótí idẹ kékeré kan tó ní aago òjìji àti ohun tí a fi ń mọ Kíbúlà nínú. Lẹ́yìn náà, àwọn ará Nuremberg ní Jámánì fi eyín erin ṣe tiwọn, tó ń ṣí bí ìwé.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? A ó gbé e síbi tó tẹ́jú, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì á tọ́ka àríwá. Okùn tàbí irin tó dagẹ̀rẹ́ nínú rẹ̀ á ju òjìji sórí ìlà wákàtí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ìdagẹ̀rẹ́ yìí ò rí bákan náà níbi gbogbo. Ti Damásíkù lé ní dìgírì 33; ti Èkó ò ju 6 àtààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé ti Damásíkù wá sí Victoria Garden City láìtún un ṣe, irọ́ ni yóò máa pa fún un.

Aago kan náà ni gbogbo Nàìjíríà ń lò, ṣùgbọ́n oòrùn kì í yẹ̀tàrí níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dọ̀ wa, nǹkan bí 12:30 ni ní ìbẹ̀rẹ̀ November, àti nǹkan bí 1:00 ní àárín February. Nínú oṣù March, oòrùn ń wọ̀ ní Maiduguri ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ṣáájú tiwa. Ẹni tó bá fi ìwé àkókò Maiduguri ṣínu ní Ajah, ojúmọmọ ló ṣínu; yóò san ààwẹ̀ náà padà ni.

Ẹ lè dán òjìji wò pẹ̀lú àwọn ọmọ nílé. Ẹ ri igi tó ga ní mítà 1 sílẹ̀ lóòró, kí ẹ máa fi ààmì sí orí òjìji rẹ̀. Ibi tó ti kúrú jù ni ọ̀sán gangan. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, Àílà wọlé nìyẹn. Nígbà tí òjìji bá fi gígùn igi náà lé sí ti ọ̀sán gangan, Àlàásárì dé. Ní ìparí December, òjìji ọ̀sán ń tó sẹ̀ǹtímítà 57, nítorí náà Àlàásárì di 157. Ní ìbẹ̀rẹ̀ April àti September, oòrùn a dúró sórí wa gan-an, òjìji ọ̀sán a fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Mítà 1 péré ló tó.

Aago òjìji ò lè sọ Màgàríbì, Ìṣáì tàbí Àsùbáà. Òjò àti ọyẹ́ sì ń dí i lọ́wọ́. Fún ìṣínu, ẹ dúró de wíwọ̀ oòrùn níbi tí ẹ wà, ẹ má sì tún fi falẹ̀ mọ́ tó bá ti wọ̀.

Kí Ọlọ́hun gba ìrun àti ààwẹ̀ wa. Àmín.