Bí Iná Ìgbà Òtútù Ṣe Rí Ọ̀nà Dé Ilẹ̀

Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù kékeré nínú gáréèjì ilé rẹ̀ ní Chicago, ní Minneapolis tàbí ní Toronto mọ ohun tí oṣù Kìíní ọdún máa ń fojú ẹni rí. Á fi ẹ̀rọ fa lẹ́búlẹ́bú igi kúrò nílẹ̀ tán, á na ọwọ́ sí ayùn oníná, iná á sì ta á ní ìka kí ọwọ́ tó kan irin. Ó lè rò pé wáyà kan ló bó nínú ẹ̀rọ. Kò sí wáyà tó bó. Bó yọ ayùn náà kúrò lára iná pátápátá, á tún ta á. Bàtà rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti páìpù onírọ́bà tí lẹ́búlẹ́bú ń gbà kọjá ni wọ́n dá iná náà sílẹ̀, ara rẹ̀ ni wọ́n sì kó o sí.

Bí ohun méjì bá fara kanra, tí wọ́n tún pínyà, ọ̀kan lè gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, hóró tín-ín-tìn-tín tó ń gbé iná, lára ìkejì. Bàtà onírọ́bà lórí kápẹ́ẹ̀tì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Sáńpépà lórí igi ń ṣe é, lẹ́búlẹ́bú tó ń sáré nínú páìpù sì ń ṣe é jù wọ́n lọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin, omi tín-ín-rín tí ojú kò lè rí máa ń bo ara nǹkan, iná náà á gba ibẹ̀ yọ́ lọ kó tó pọ̀ jọ. Ìgbà òtútù ló ń gba omi yẹn lọ.

Ẹ wo bó ṣe ń gbà á. Bí ìta bá tutù dé ìwọ̀n 10 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan kò lè gbé ju nǹkan bíi gíráàmù 2.4 omi lọ. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń wọlé, tí hítà ń mú gbóná dé ìwọ̀n 20. Ní ìwọ̀n 20, ó lè gbé gíráàmù 17, ṣùgbọ́n 2.4 náà ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rinrin ilé á wá já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 14 nínú 100. Ọyẹ́ ni onílé fi hítà dá sínú ilé ara rẹ̀. Ẹni tó dàgbà ní Ṣakí tàbí Ìlọrin, tó ti bọ́ aṣọ náílọ́ọ̀nù lóru ọyẹ́, tó gbọ́ tó ń ta pàràpàrà, tó sì rí i tó ń tan nínú òkùnkùn, ti mọ iná yìí kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi hàn bí iná yìí ṣe ń rìn kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Aláró ni. Stephen Gray ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Canterbury ní England, iṣẹ́ aṣọ rírẹ ló sì bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Kò lówó. Nígbà tó dàgbà, Charterhouse ní London, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà aláìní, ló gbà á sílé, ibẹ̀ ló sì wà ní 1729 tó ń fi ọwọ́ ra páìpù gíláàsì kan kó lè fa ìyẹ́ ẹyẹ mọ́ra. Ó ti fi kọ́ọ̀kì dí ẹnu páìpù náà nítorí eruku. Ó yà á lẹ́nu pé ìyẹ́ ń sáré lọ bá kọ́ọ̀kì, èyí tí kò fọwọ́ ra rárá. Ó ki igi bọ kọ́ọ̀kì, ó fi bọ́ọ̀lù eyín erin sórí igi. Iná dé orí bọ́ọ̀lù. Ó fi okùn rọ bọ́ọ̀lù náà sísàlẹ̀ láti ibi gíga. Iná dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ ta okùn lọ gbọọrọ, tó fi okùn mìíràn so ó kọ́ ara ìṣó lókè àjà, kò rí nǹkan kan. Iná ti gba okùn ìsokọ́ lọ sínú àjà.

Ní oṣù Keje ọdún náà, ó wà nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Granville Wheler ní Otterden, ní Kent. Wheler ló ní kí wọ́n fi ṣẹ́dà gbé okùn náà. Gray gbà, nítorí ó rò pé bí ṣẹ́dà ṣe tín-ín-rín tó kò ní jẹ́ kí iná ráyè sá lọ. Ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni okùn wúwo jù, ṣẹ́dà já, wọ́n sì fi wáyà idẹ tín-ín-rín rọ́pò rẹ̀. Iná pòórá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé wọn pé títínrín kò ṣe é: ohun tí a fi ṣe nǹkan ló ń sọ bóyá iná á gba ibẹ̀ kọjá. Irin ń jẹ́ kó kọjá, ara ènìyàn náà ń jẹ́ kó kọjá. Ṣẹ́dà àti gíláàsì ń dá a dúró. Wọ́n padà sórí ṣẹ́dà, wọ́n sì mú iná rin ju 600 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, Royal Society, fún Gray ní àmì ẹ̀yẹ Copley ní 1731, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á. Ó kú ní 1736. Lójú tèmi, aláró yìí ni baba gbogbo ẹni tó ń so wáyà ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń mú iná wọlẹ̀, lónìí, ó sì dùn mí pé ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn yòókù yára tẹ̀lé e. Ní Leiden, ní 1746, Pieter van Musschenbroek kó iná sínú ìgò omi, ó sì gbọ̀n ọ́n débi pé ó kọ̀wé sí Paris pé òun kò jẹ́ tún un ṣe mọ́. Benjamin Franklin ní Philadelphia ló wá jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀kan náà ni iná yìí àti mọ̀nàmọ́ná ojú ọ̀run, tó sì ní kí a máa gbé ọ̀pá irin sórí ilé kí ààrá lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀.

Fún nǹkan bí 200 ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka iná tó ń ta ìka nínú ilé sí nǹkan ńlá. Ohun tí ojú lásán kò lè rí ló yí i padà. Ní 1959, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, Mohamed Atalla àti Dawon Kahng ṣe irú tiransísítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń darí iná nínú ẹ̀rọ) kan tó ní awọ tín-ín-rín nínú, awọ tó jọ ti gíláàsì nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Irú rẹ̀ ló kún inú kọ̀ǹpútà àti fóònù báyìí. Kí iná tó lè ta ènìyàn kó mọ̀ ọ́n lára, ó máa ń tó nǹkan bíi 3,000 fólítì. Àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ kan wà tí wọn kì í dé 100 kí awọ yẹn tó lu. Atúnṣe á fọwọ́ kan án, kò ní gbọ́ ariwo kankan, kò sì ní mọ̀ pé òun ti bà á jẹ́.

Ohun tó gbé okùn ọwọ́ jáde nìyẹn: bẹ́líìtì kékeré tó ń kan awọ ara, tí wáyà rẹ̀ sì lọ sí ẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí dídènà irú iná yìí dá ẹgbẹ́ tiwọn, ESD Association, sílẹ̀ ní 1982. Láti inú ilé iṣẹ́ ńlá ni okùn náà ti bọ́ sórí tábìlì ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú yàrá rẹ̀.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Rẹsísítọ̀ kan wà nínú wáyà náà, ó tó mílíọ̀nù kan óòmù. Ó ń jẹ́ kí iná jáde lára díẹ̀díẹ̀, bí epo tó ń gba ẹnu àrọ, síbẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan tí gbogbo rẹ̀ fi ń lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni ìdáàbòbò. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣèèṣì kan wáyà 240 fólítì nígbà tí okùn náà wà lọ́wọ́ rẹ, ohun tí rẹsísítọ̀ náà á jẹ́ kó gba ibẹ̀ kọjá kò ju ìdámẹ́rin mílíáńpù lọ. Ẹni tó bá so wáyà lásán mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ dípò èyí ti di ara rẹ̀ mọ́ ikú. Ẹni tó ń lo ayùn tàbí dírílì kò sì gbọdọ̀ wọ okùn ọwọ́ rárá, ẹ̀rọ tó ń yí lè fi í fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé.

Fún káfíńtà, ọ̀nà mìíràn ló tọ́. Kí ó gbé ẹ̀rọ tó ń tú oru omi sínú afẹ́fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀rinrin wà láàárín ìdá 40 sí 50 nínú 100. Kí ó wọ aṣọ òwú, kí ó sì bọ́ súwẹ́tà oníke sílẹ̀. Páìpù irin tí a so mọ́ ẹ́ẹ̀tì dára ju onírọ́bà lọ. Bó bá jẹ́ onírọ́bà ló wà ńlẹ̀, wáyà bàbà tó bó, tí a yí mọ́ ọn lára lọ dé ara irin ẹ̀rọ tó ní ẹ́ẹ̀tì, máa ń dín títa náà kù. Kí ó sì máa fi kọ́kọ́rọ́ kan irin kó tó fi ìka kàn án. Iná á ta ní ẹnu kọ́kọ́rọ́, kò ní dun ìka.

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé lẹ́búlẹ́bú igi á gbiná. Ó lè gbiná lóòótọ́, àmọ́ ìtanná tó ń ràn án máa ń lágbára ju ti ìka ènìyàn lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Oru epo ni kí ẹ bẹ̀rù. Ìtanná tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ní agbára tó nǹkan bí ìdajì mílíjúùlù. Oru bẹntiróòlù tó dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kò nílò ju ìdámẹ́rin mílíjúùlù lọ láti gbiná. Ìyẹn ni pé gbogbo ìtanná tó bá ti ta yín lè ràn án.

Nítorí náà, yálà òtútù Chicago ni tàbí ọyẹ́ Ìlọrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bu epo sínú kẹ́ẹ̀gì oníke nígbà tó ṣì wà nínú búùtù mọ́tò. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sórí ilẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin mọ́tò níbi tó jìnnà sí epo, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí ẹnu páìpù epo máa kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì títí yóò fi kún.