Títì tí iná Kérésìmesì ti ń sọ òru di ọ̀sán l'Ékòó: ǹjẹ́ irú rẹ̀ lè wà n'Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà?

Bí oṣù Disẹ́ḿbà bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ Àkókó tí wọ́n ń gbé l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ilé, ibì kan wà tí àwọn mìíràn nínú wọn máa ń fẹ́ dé kí wọ́n tó gbéra. Títì Ajose Adeogun ni, ní Victoria Island, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń lọ wo iná Kérésìmesì. Ọmọ tó bá ti rí i, tó wá bá òbí rẹ̀ dé Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà, tó bá àdúgbò nínú òkùnkùn, yóò béèrè ìbéèrè kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: èé ṣe tí tiwa kò rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó wà l'Ékòó. Olú ilé-iṣẹ́ báńkì Zenith, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, wà ní títì yìí, báńkì náà ló sì ń fi owó tirẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n á wé wáyà mọ́ igi ẹ̀gbẹ́ títì láti ìdí dé ẹ̀ka, wọ́n á sì fi irin àti gílóòbù ya oríṣiríṣi àwòrán. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án kò rí ohun bàbàrà kan. Wáyà lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àfi bí ẹni pé gbogbo tanátaná ayé ló wá bà sórí igi. Ìgbà náà ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo awakọ̀ ló fẹ́ wòran. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lókèèrè, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn, kí ẹ sì di ọwọ́ ọmọ mú dáadáa.

Nǹkan yìí kò ti ọwọ́ báńkì bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1882, Edward Johnson, tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́, so gílóòbù 80, pupa, funfun àti búlúù, mọ́ igi Kérésìmesì nínú ilé rẹ̀ ní New York. Àbẹ́là ni wọ́n ń tàn sára igi ṣáájú ìgbà náà, ewu iná kò sì jìnnà sí i. Ọdún 1896 ni iná mọ̀nàmọ́ná ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn l'Ékòó. Ní Dyker Heights, àdúgbò kan ní Brooklyn, onílé kọ̀ọ̀kan ló ń tan tirẹ̀, débi pé bọ́ọ̀sì ń kó àlejò wá wò wọ́n. Ti Dyker Heights yìí ló bá wa lára mu ju ti Èkó lọ. Ta ni yóò bá wa wá báńkì tí yóò gbé gbogbo títì Ìwárò-Ọ̀kà rù? Ṣùgbọ́n onílé kò wọ́n wa, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kò sì wọ́n wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni iná gan-an. Ẹni tó bá ní agbára owó báńkì kò ní í bẹ̀rù òkùnkùn. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ẹni tó bá ń tan ẹ̀rọ amúnáwá nítorí iná ọ̀ṣọ́ kàn ń dáná sun owó ni, ká má tíì sọ èéfín rẹ̀ tó ń pa odindi ìdílé tí wọ́n bá gbé e sínú ilé.

Gílóòbù LED ló yí ìṣirò náà padà. Okùn iná àtijọ́ tó ní gílóòbù kéékèèké 100 máa ń jẹ tó 40 watt. Ti LED kì í sábà ju bíi 5 watt lọ. Èyí ni pé ilé mẹ́wàá lè ta okùn kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ má sì tó iná tí gílóòbù àtijọ́ 60 watt kan ṣoṣo ń jẹ. Sólà 100 watt kan, pẹ̀lú bátìrì tó dára, lè gbé e láti ìrọ̀lẹ́ títí di ààjìn. N'Ìkàrẹ́, níbi tí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ti ń bá ara wọn jẹun nínú agboolé kan náà, wọn kò tilẹ̀ ní í tètè tú u. Ìtúnu Ààwẹ̀ ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹbí yín ń fi okùn iná ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra o. 120 volt ni tọ̀hún, 230 volt ni tiwa. Bí ẹ bá kì í bọ iná bẹ́ẹ̀, yóò jó lójú ẹsẹ̀, ó sì lè ran aṣọ fèrèsé. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ kí ẹ tó tàn án.