Òòfà inú kòkòrò bakitéríà àti ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ

Àwọn kòkòrò bakitéríà kan wà nínú ẹrẹ̀ odò, adágún omi àti òkun tí wọ́n ń fi irin ṣe òòfà kéékèèké sínú ara wọn. Òòfà náà ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí atukọ̀ ti ń fi kọ́ḿpáàsì mọ ọ̀nà lójú òkun. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń wá ọ̀nà tí òòfà yìí yóò fi wúlò fún ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì kúrò ní yàrá ìwádìí.

Ìlú Kaduna dára fún àpèjúwe ọ̀rọ̀ náà. Ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà ńlá, ó sì ní ìlà agbedeméjì òòfà tirẹ̀, tí ó yàtọ̀ sí ìlà agbedeméjì ayé tí àwọn ọmọ ilé ìwé mọ̀. Àríwá Nàìjíríà ni ìlà yìí gbà kọjá, kò sì jìnnà sí Kaduna. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, bí a bá fi okùn so abẹ́rẹ́ òòfà rọ̀ láàárín, ṣóńṣó rẹ̀ tí ó kọjú sí àríwá yóò dorí kọ ilẹ̀. Ní Kaduna, abẹ́rẹ́ kan náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ déédéé, apá kan kò ní ga ju èkejì lọ.

Ìyàtọ̀ yìí kan àwọn kòkòrò náà gidigidi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ omi tí ọ́síjìn pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ìhà àríwá ayé, èyí tí ó bá ń wẹ̀ lọ sí àríwá yóò bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀, nínú ẹrẹ̀ tí ó bá a lára mu. Ní ìhà gúúsù, gúúsù ni wọ́n ń kọjú sí. Ní ọdún 1981, Richard Frankel, Richard Blakemore àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ròyìn pé ní Fortaleza, ní orílẹ̀-èdè Brazil, tí ìlà agbedeméjì òòfà wà nítòsí rẹ̀ nígbà náà, oríṣi méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ara wọn nínú ẹrẹ̀ kan náà. Bí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ odò Kaduna, bẹ́ẹ̀ gan-an ni a lè retí pé kí ó rí.

Salvatore Bellini ti Yunifásítì Pavia ní Ítálì ló kọ́kọ́ kíyè sí wọn ní ọdún 1963, ṣùgbọ́n èdè Ítálì ni ó fi kọ ìròyìn rẹ̀, kò sì tàn kálẹ̀. Ìgbà tí Blakemore kọ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1975 ni ayé tó gbọ́. Èdè tí a fi kọ ìmọ̀ ni ó sábà máa ń pinnu ẹni tí yóò gbọ́ ọ.

Magnetite, irin dúdú kan, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò náà fi ń ṣe òòfà wọn. Hóró kọ̀ọ̀kan sábà máa ń wà láàárín nanomítà 35 sí 120. Mílíọ̀nù nanomítà kan ló wà nínú mílímítà kan. Ìwọ̀n yìí gan-an ni àṣírí rẹ̀. Bí hóró magnetite bá kéré jù, ooru lásán a máa yí ojú òòfà rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò ní lè di ojú kan mú. Bí ó bá tóbi jù, inú rẹ̀ a pín sí apá púpọ̀ tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, wọ́n a sì máa pa agbára ara wọn. Kòkòrò náà dúró sí àárín méjèèjì. Lẹ́yìn náà, a tò wọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sójú okùn kan, kí agbára gbogbo wọn lè papọ̀. Kódà bí kòkòrò náà bá kú, òkú rẹ̀ yóò ṣì máa yí tẹ̀lé òòfà.

Ó ṣòro kí ènìyàn fi kẹ́míkà ṣe hóró tí ó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ní ọ̀rá tún bo tí kòkòrò, a sì lè so oògùn mọ́ ọn. Bí a bá gbé irú hóró bẹ́ẹ̀ sínú agbára òòfà tí ń yí síwá sẹ́yìn kíákíá, yóò gbóná. Bí kókó jẹjẹrẹ bá sì gbóná tó ìwọ̀n 42 sí 45 Sẹ́ísíọ́ọ̀sì, yóò rẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún 2016, Sylvain Martel àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal, Kánádà, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n di oògùn jẹjẹrẹ ru kòkòrò náà láàyè, wọ́n sì fi òòfà darí wọn sínú kókó jẹjẹrẹ lára eku. Tó ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wọ àárín kókó náà lọ, níbi tí ọ́síjìn kò tó, tí oògùn lásán kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ìwà tí wọ́n ń hù nínú ẹrẹ̀ ni wọ́n hù níbẹ̀.

Eku kì í ṣe ènìyàn. Àwọn ọmọ ogun ara lè gbógun ti ohun tí ó ti ara bakitéríà wá, a sì gbọ́dọ̀ fọ májèlé rẹ̀ kúrò pátápátá. Oògùn irin tí a fi kẹ́míkà ṣe ti ṣáájú dé ilé ìwòsàn: ní ọdún 2009 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ferumoxytol fún àwọn aláìsàn kíndìnrín tí irin kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Nítorí náà, aláìsàn jẹjẹrẹ ní Kaduna kò gbọdọ̀ gba ẹni tí ó bá ń ta ẹ̀gbà ọwọ́ olóòfà tàbí omi òòfà gbọ́ pé ìwòsàn nìyẹn. Ìtọ́jú ìtànṣán wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, ní Shika, Zaria, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè dé: bí obìnrin bá kan kókó lọ́mú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà tí kò yẹ kí ó dà, kí ó má ṣe dúró. Ẹni tí wọ́n bá sì fẹ́ fi ẹ̀rọ MRI yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ sọ fún òṣìṣẹ́ bí irin kankan bá wà lára rẹ̀, nítorí òòfà tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà lágbára tó láti fa irin kúrò ní ààyè rẹ̀.