Ẹ̀dọ̀ tuntun dé, kòkòrò àtijọ́ tún wọlé tì í!

Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọ̀rọ̀ kòkòrò Hepatitis C tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Òun ló kó bá David Crosby, gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún un lọ́dún 1994.

Ẹ lè rò pé bí wọ́n bá ti gé ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ sọnù, ìjà parí. Ó tì o! Kòkòrò ọ̀hún ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kì í pẹ́ rárá tó fi ń wọnú ẹ̀dọ̀ tuntun. Bó ṣe ń bímọ, ọmọ kì í jọ ìyá tán. Èyí tí ọmọ ogun ara bá dá mọ̀ á kú, èyí tó ti pààrọ̀ aṣọ á yọ́ wọlé. Oògùn tí wọ́n ń fún aláìsàn kí ara rẹ̀ má baà kọ ẹ̀dọ̀ àlejò náà tún wá ń so àwọn ọmọ ogun yẹn lọ́wọ́. Láyé ìgbà náà, ẹ̀dọ̀ tuntun ẹlòmíì kì í lò ju ọdún márùn-ún lọ tó fi ń le gbagidi.

Ṣùgbọ́n láti ìparí 2013 ni oògùn oníhóró tuntun ti ń jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá lò ó pé, ó lé ní àádọ́rùn-ún tó ń bọ́. Crosby fúnra rẹ̀ lo ọdún 28 sí i kó tó kú ní 2023, lẹ́ni ọdún 81.

Ẹ̀yin èèyàn wa, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sí fún un. Ẹ tètè lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò!