Ṣé O Mọ̀? Ẹrù Rẹ Há sí Ẹlòmíì Lọ́wọ́

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tó ń gbọn èéfín kúrò nínú ihò ìdáná pe alágbẹ̀dẹ wúrà lẹ́jọ́, tó sì jàre? London ni, ní 1722.

Ọmọ náà he ohun ọ̀ṣọ́ kan. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n bá òun wò ó. Ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe bí ẹni fẹ́ wọ̀n ọ́n, ló bá yọ òkúta iyebíye ara rẹ̀. Wọ́n ní eépìnnì mẹ́ta ni àwọn máa san. Eépìnnì mẹ́ta! Ọmọ ní òun ò tà. Wọ́n dá a padà fún un, ihò lásán, òkúta ti lọ.

Gbọ́ ohun tí Adájọ́ Pratt sọ: bí wọn ò bá gbé òkúta náà jáde, kí wọ́n ṣírò owó òkúta tó dára jù lọ tó lè wọ ihò yẹn! Mo fẹ́ràn ẹjọ́ yìí gan-an. Ó kàn he nǹkan ọ̀hún ni o, síbẹ̀ òfin gbè é.

Orúkọ irú ẹjọ́ yẹn ni trover. Wàá sọ fún kóòtù pé ẹrù rẹ sọ nù, pé ẹni yẹn ló he é. Bó tiẹ̀ já a gbà lọ́wọ́ rẹ lọ́sàn-án gangan, "ó sọ nù" náà ni wàá wí! Ó di 1852 kí wọ́n tó pa àròsọ yẹn tì.

O rò pé ìyẹn ló yani lẹ́nu jù? Títí di 1833, bí o bá fi ẹjọ́ detinue pe ẹni tó há ẹrù rẹ mọ́wọ́, ó lè búra pé òun ò jẹ ọ́ ní nǹkan kan, kó sì kó èèyàn 11 wá bá a búra. Bí wọ́n bá ti búra tán, ẹjọ́ parí, ọwọ́ rẹ ṣófo.

Ní 1977, England fagi lé detinue pátápátá. Ní Nàìjíríà ńkọ́? Ó ṣì wà digbí! Àmọ́ kọ́kọ́ béèrè ẹrù rẹ. Bó bá kọ̀, ẹjọ́ délẹ̀ nìyẹn. Kóòtù lè ní kó dá a padà tàbí kó san iye rẹ̀, pẹ̀lú owó gbà-má-bínú.

Tún gbọ́ èyí. Òfin England ti 1275 ní bí olówó kan bá da màlúù ẹni ẹlẹ́ni wọ ilé olódi rẹ̀, tó kọ̀ tí kò dá wọn sílẹ̀, kí wọ́n wó ilé olódi náà lulẹ̀. Nítorí màlúù!

Ó ku kan. Ní 1706, Adájọ́ Àgbà Holt ti England ní a ò lè fi trover gba ènìyàn dúdú, nítorí kì í ṣe ẹrù. Ní Amẹ́ríkà, ní New York àti Pennsylvania, àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú mú irú ìwé ẹjọ́ tí wọ́n fi ń gba màlúù padà, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Ara wọn ni wọ́n fẹ́ gbà.